Ọ̀rá Tí À Ń Fún Oníbàárà Lọ́fẹ̀ẹ́: Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn obìnrin ọlọ́jà sọ níbi ìpàdé ní Ìjẹ̀dẹ́. A tẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn tí kò lè wá, àti nítorí àwọn tó wá tí wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn lè fi han àwọn ará ilé.

   

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá la fẹ́ bá ara wa sọ, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní náílọ̀nù, pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀: ife ike tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù, ṣíbí ike, páàkì funfun tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ, àti ọ̀pá ike tí àwọn ọmọdé fi ń fa mínírà. Ẹ má tíì dìde o. A mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ìdọ̀tí, àwọn kan á ní kí ìjọba wá kó ìdọ̀tí wọn. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdọ̀tí. Orí owó la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọlọ́jà ni wá.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Oníbàárà ra ata, a bu ata sínú ọ̀rá dúdú kékeré. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òmíràn wọ̀ ọ́ kó má baà já." A fi òmíràn wọ̀ ọ́. Ó kọjá sọ́dọ̀ alálùbọ́sà, ọ̀rá kan. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, ọ̀rá méjì, nítorí omi ẹja. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní ká fún òun ní ńlá kan tí òun máa kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọbẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ sè o, ọ̀rá mẹ́fà ló gbé délé. Kí ata tó jiná, ọ̀rá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di ohun àdànù. A ní ọ̀fẹ́ la fún un. Ta ló ra ọ̀rá ọ̀hún? Ṣebí àwa náà ni!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kà, ṣùgbọ́n ìṣírò yìí kò ju ti ìwé mẹ́fà lọ. A ò lọ ka ọ̀rá ọjà wa o, àpẹẹrẹ la fẹ́ mú. Ká ní ọlọ́jà kan ń fi ọ̀rá 30 di ọjà lójúmọ́. Bó bá tajà fún ọjọ́ 6, ó di 180 lọ́sẹ̀ kan. Bí ìsọ̀ bá jẹ́ 200, ó di 36,000 lọ́sẹ̀ kan. Bí a bá tajà fún ọ̀sẹ̀ 50 nínú ọdún, ó di 1,800,000. Ọ̀rá mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ó lé, láti inú ọjà kan tí kò tóbi! Kí oníkálukú dé ilé lálẹ́ òní, kó kọ iye pákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tó ń rà lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kó fi iye owó rẹ̀ ṣe é. Ẹ ó rí i pé inú èrè yín ló ti ń jáde. Ẹlòmíràn á rí i pé owó ilé ìwé ọmọ kan wà níbẹ̀.

Owó kìíní nìyẹn. Owó kejì, gọ́tà là ń san án sí. Ẹ rántí òjò tó rọ̀ tí omi fi wọ ìsọ̀ àwọn onírẹsì, tí a ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin tí a háyà ṣí orí gọ́tà, kí la bá níbẹ̀? Kì í ṣe òkúta, kì í ṣe igi. Ọ̀rá ni, ọ̀rá lórí ọ̀rá, pẹ̀lú ike omi. A sì dá a mọ̀. Èyí tó ní ìlà búlúù, òun ni àwọn ẹlẹ́ja fi ń di ẹja. Dúdú kékeré, ti aláta ni. Inú àpò ẹgbẹ́ la ti mú owó san fún àwọn ọmọ yẹn, àwọn onírẹsì sì gba àdánù tiwọn lọ sílé. A ra ọ̀rá, a tún sanwó kí wọ́n bá wa kó o kúrò lọ́nà omi.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí Ògùnpá ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́sì ọdún 1980 ni. Òjò ńlá rọ̀, ìdọ̀tí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò ti dí ọ̀nà mọ́ omi, odò náà bá ya bo ìlú, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà yẹn, ọ̀rá kò tíì pọ̀ tó báyìí o. Ní oṣù Ògọ́sì ọdún 2011, omi tún ya ní Ìbàdàn kan náà, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún bá a lọ. Ibi tí omi bá ti fẹ́ kọjá, tí a bá dí i mọ́ ọn, á wá ọ̀nà mìíràn gbà ni. Ọ̀nà náà sì lè jẹ́ yàrá wa.

Owó kẹta, inú ọ̀sà là ń san án sí. Etí ọ̀sà ni Ìjẹ̀dẹ́ wà. Ohun tó bá kúrò nínú gọ́tà wa, ọ̀sà ló ń lọ. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè. Wọ́n á ju àwọ̀n, wọ́n á fà á, yóò wúwo, inú wọn á dùn pé ẹja pọ̀. Bí wọ́n bá fà á dé inú ọkọ̀, ọ̀rá ni. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ibí lọ sí Badore mọ ohun tí à ń sọ. Ìgbà mìíràn wà tí awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnì láàárín omi, á tẹ̀ ba, á máa já ọ̀rá kúrò lára abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì, gbogbo èrò á sì máa ké pe Ọlọ́run. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn á gbẹ ẹ, ìgbì á gé e wẹ́wẹ́, ẹja á gbé e mì. Ẹja yẹn náà ni a ó rà, tí a ó tún fi ọ̀rá dì.

Báwo la ṣe ń tajà kí ọ̀rá tó dé? Kò tíì pẹ́ tó bí a ṣe rò. Ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí a fi ń gbé ọjà, ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Sweden gba ìwé àṣẹ pé àwọn làwọn ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ju ọ̀rá lọ lọ́jọ́ orí! Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó bá fẹ́ ra epo pupa á mú ìgò rẹ̀ wá látilé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja á gbé abọ́ wá. Agbọ̀n ni àwọn ìyá wa ń gbé lọ sọ́jà, igbá sì wà níbẹ̀. Ewé eéran la fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ewé gbódògì la fi ń di obì kó má baà gbẹ. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, tí a ju ewé sẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, tàbí kó di ilẹ̀dú. Ìwà tí a fi ń ju ewé nù náà la fi ń ju ọ̀rá nù. Ewé lọ, ìwà kù. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

A ò ní dá yín lẹ́bi ká dá ara wa sí. Ìdí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni àwa fúnra wa wà láti ìgbà tó ti pẹ́. Ewé la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ewé wọ́n, ẹni tó ń já a wá látinú igbó ti dàgbà, fífọ̀ rẹ̀ ń gba àsìkò, a bá bọ́ sórí ọ̀rá. A bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú ọ̀rá, a so ó, a gbé e kaná. Kò pẹ́ sí i, ìyá àgbà kan tó ti ń ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wa tipẹ́ tú tirẹ̀, ó fi sí imú, ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, ta ló kọ́ yín ní èyí? Mo ń gbọ́ òórùn ọ̀rá." Kò bá wa jà o, ó kàn gbé e kalẹ̀. Ó dùn wá. Ó sì jẹ́ òótọ́, nítorí bí nǹkan gbígbóná bá wà nínú ọ̀rá, pàápàá tí epo bá wà nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá lè wọ inú oúnjẹ.

A padà sí ewé. A ní láti fi owó díẹ̀ lé e. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ oníbàárà sọdá sí ìsọ̀ kejì, níbi tí tọlọ́rá ti dínwó. Àwọn kan padà wá nítorí adùn ewé. Àwọn kan kò padà títí di òní. A ò pa irọ́ fún yín pé èrè la kọ́kọ́ rí. Àdánù la kọ́kọ́ rí.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i. Kì í ṣe pé ọlọ́jà fẹ́ràn ọ̀rá. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Bí aláta kan bá ní òun ò fún èèyàn ní ọ̀rá mọ́, oníbàárà á ní ahun ni ìyá yìí, á sì lọ sọ́dọ̀ aláta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, oníkálukú ń fún wọn, oníkálukú ń náwó, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ẹnìkan ò lè dá a ṣe. Ẹgbẹ́ ló lè ṣe é. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kòǹgò. Nígbà tí oníkálukú ń lo kòǹgò tó wù ú, tí àwọn kan ń tẹ ìdí tiwọn wọnú, ṣé a rójú? Ọjọ́ tí a jọ fẹnu kò pé kòǹgò kan náà la ó máa lò, ìjà tán. Oníbàárà kò lè fi ìsọ̀ kan halẹ̀ mọ́ ìsọ̀ kejì mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀rá ṣe rí nìyẹn. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìdí mìíràn tún wà tí a ò fi gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Òfin ti dé. Ọjọ́ 21 oṣù Jánúárì ọdún 2024 ni Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde pé kí á má lo páàkì funfun tí wọ́n ń pè ní Styrofoam mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Júláì ọdún 2025, òfin náà mú àwọn yòókù: ife ike, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ike tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá ìfamu, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nínípọn rẹ̀ kò tó 40 mákírọ́ọ̀nù. Àwọn kan ń bi wá pé kí ni mákírọ́ọ̀nù. Ẹ wo rúlà ọmọ yín, ẹ wo àlà tó kéré jù lórí rẹ̀. Bí a bá to ọ̀rá ológójì mákírọ́ọ̀nù 25 léra wọn, wọn ò ju àlà kan ṣoṣo yẹn lọ. Ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ ni òfin mú. Ọ̀rá dúdú kékeré wa tó ń ya kí oníbàárà tó dé òpópónà, ẹ̀yin náà ẹ fọwọ́ kàn án wò. Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé àwọn á ti ibi tí àwọn bá ti rí i pa. Ẹ jẹ́ ká tún ilé wa ṣe kí àlejò tó kanlẹ̀kùn.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní Rwanda, láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo ọ̀rá. Àlejò tó bá gbé ọ̀rá wọlé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Kenya ṣe tiwọn ní oṣù Ògọ́sì ọdún 2017, òfin ibẹ̀ sì le débi pé ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rá tàbí tó ń kó o wọlé lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Obìnrin ọlọ́jà ló ń ta tòmátò níbẹ̀ náà, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi wọ́n. Láti oṣù Ọ̀kùtóbà ọdún 2015, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní England kì í fúnni ní ọ̀rá lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Pẹ́nsì 5 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, ó di 10 ní ọdún 2021. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rá ti di ohun tí à ń rà, ìlò rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ wa náà ń ká àpò sínú báàgì kí wọ́n tó jáde nílé. Bí wọ́n bá wá sílé wá bá wa lọ́dún, ọ̀rá mẹ́fà la tún ń kó lé wọn lọ́wọ́!

Nítorí náà, ohun tí àwọn olóyè rò, tí a gbé wá síwájú yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nìyí.

Èkíní, ká máa bèèrè ká tó fúnni. "Ẹ kú ọjà, ṣé ẹ mú àpò wá?" Gbólóhùn yẹn nìkan. Ẹni tó mú àpò wá, ká bu ọjà rẹ̀ sí i, ká sì fi ènì díẹ̀ ṣe é lóore. Ọ̀rá tí a ò fún un, owó rẹ̀ lè san ènì náà. Ká má sì fi ọ̀rá wọ ọ̀rá mọ́.

Èkejì, ẹni tí kò bá mú nǹkankan wá, kó ra àpò. Kí gbogbo ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí iye owó jẹ́ ọ̀kan náà láti ìlà aláta dé ìlà ẹlẹ́ja. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rá ọ̀fẹ́ fa oníbàárà ẹnikejì.

Ẹ̀kẹta, kí àwa olóúnjẹ padà sí ewé àti abọ́. Oníbàárà tó bá gbé abọ́ tàbí kúlà rẹ̀ wá, ká dá a lóhùn ṣáájú. Ní ti ọ̀wọ́n ewé, bí mẹ́wàá nínú wa bá jọ ń ra ewé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tó ń já a wá láti apá Ẹ̀pẹ́, kò ní wọ́n bíi tẹni tó ń dá rà á.

Ẹ̀kẹrin, omi inú ọ̀rá. Òfin tuntun yìí kò dárúkọ rẹ̀, a sì mọ̀ pé oòrùn ọjà ò ṣeé fara dà láìmu omi. Àpò kan, omi 20 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá 20 nìyẹn, pẹ̀lú ńlá tó kó wọn sínú. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan gbé àpò ìrẹsì òfìfo kan sí ìkángun, ká máa ju ọ̀rá omi àti ike omi sínú rẹ̀, ní gbígbẹ, láìsí ẹrẹ̀. Àwọn tó ń rà á ní ìwọ̀n kílò wà. Owó tó bá wọlé, kó lọ sínú àpò ẹgbẹ́ fún gọ́tà wa. Ẹni tó bá ní omi mímu tó dáa nílé, kó rọ ọ́ sínú jọ́ọ̀gì wá.

Ẹ̀karùn-ún, ká yé sun ọ̀rá. Èéfín rẹ̀ burú fún àyà, pàápàá fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí à ń pọ̀n wá sọ́jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo jù. Àwọn tó ń ta ọ̀rá nínú ọjà wa, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa nílé kí ìpàdé yìí tó wáyé, ó ní, "Ìyá, opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun lórí ọ̀rá tí ẹ fẹ́ fi òfin lé lọ yìí. Ṣé kí n máa tọrọ jẹ ni?" A ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò sùn dáadáa. Bí ẹgbẹ́ yóò bá fi iṣẹ́ rere pa ọmọ tirẹ̀ lẹ́bi, iṣẹ́ rere wo nìyẹn?

Àbá wa ni pé àwọn gan-an ni kó ni àpò tuntun. Àwọn aránṣọ wa ní àjákù aṣọ nílẹ̀ tí wọ́n ń dà nù, àwọn onírẹsì ní àpò òfìfo. Kí aránṣọ rán an, kí àwọn tó ń ta ọ̀rá máa tà á, kí ẹlòmíràn nínú ọjà má bá wọn dù ú fún ọdún kan gbáko. Kí ẹgbẹ́ yá wọn ní owó ìbẹ̀rẹ̀ láti inú àjọ, kí wọ́n dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rá tó nípọn, tí òfin kò mú, wọ́n lè tà á títí èyí tó wà nílẹ̀ á fi tán. A ti sọ èyí fún ọmọbìnrin náà. Ó ní òun á gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ rí i pé gbogbo ọjà dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ó sọ òótọ́. Bí ó bá ra àpò aṣọ sílẹ̀, tí àwa tún yíjú padà lọ ra ọ̀rá ọ̀fẹ́ ní ọjà mìíràn, àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ̀yin ìyá wa, a ò ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ jókòó, kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́, kí ẹnìkan láti ìlà kọ̀ọ̀kan mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ níta gbangba, a ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fẹnu kò, kó jẹ́ ti gbogbo wa, ti olóyè ṣáájú. Ìsọ̀ mọ́ínmọ́ín wa náà kò ní yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀rá níbẹ̀, kó pe Ìyálọ́jà wá wò ó.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ríjà omi. Kí ọjà wa tà, kí ọ̀nà omi wa là. Ajé á bá wa gbé o.